Ògiri Wà Lẹ́yìn Mi

Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni wọ́n dá lé e ní Èkó,
kámẹ́rà nìkan, kò tíì ní lẹ́ńsì lójú.
Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí etí ń dùn.
Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, tòkunbọ̀ ni,
ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.
Rọ́bà ìdí rẹ̀ ti bó, mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́,
síbẹ̀ òun ló ya páásípọ́ọ̀tù gbogbo ọmọ Mọ́lípà tó ṣèdánwò,
òun ló san owó iléèwé Adéṣẹ̀wà dé kíláàsì kẹta.

Wọ́n ní ojú inú rẹ̀ kéré.
Àwo tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú rẹ̀
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ;
ti olówó yẹn fẹ̀ tó sítáǹbù lẹ́tà.
Láti èékánná dé sítáǹbù,
mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Ṣódiípọ̀ ní Òkè-Àjẹ̀ ti ra tirẹ̀.
Ó yáwó kọpuráétíìfù, ó gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè,
ọrùn ń wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu.
Ó ní, "Ìyá Adéṣẹ̀wà, bílẹ̀ bá ti ṣú,
tìẹ á kàn máa da gàárì sójú fọ́tò ni."
Òótọ́ ni. Bí iná bá lọ tí mo fagídí yà á,
gbogbo ara ènìyàn a di wóró-wóró,
bí gàárì tí wọ́n dà sórí aṣọ dúdú.
Ṣùgbọ́n Ṣódiípọ̀ ò lówó lẹ́ńsì mọ́.
Èyí tó ń lò, ọ̀gá rẹ̀ ní Ìtòrò ló ni ín,
Sátidé-Sátidé ni wọ́n ń gbà á padà,
Sátidé sì ni iṣẹ́ wà.

Mo bá háyà ọ̀kan, ọjọ́ kan péré.
Mo gbé méjèèjì lọ sí yàrá Màmá Ṣówándé:
bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ránṣọ mọ́.
Lẹ́ńsì kan náà ni mo fi sí méjèèjì lójú,
ojú kan náà ni mo dúró sí.
Tèmi mú ojú Màmá, ó mú gèlè, ó parí.
Ti Èkó mú ojú, ó mú gèlè,
ó mú ọwọ́ méjèèjì lórí itan,
ó mú àga onítìmùtìmù pupa lápá òsì,
níbi tí Bàbá ti máa ń jókòó gbọ́ ìròyìn
kó tó di pé ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ẹ má sọ pé kí n rìn sẹ́yìn.
Mo ti rìn sẹ́yìn. Ògiri wà lẹ́yìn mi,
ìṣó kàlẹ́ńdà ń gún mi léjìká.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣírò.
Àjọ oṣù mẹ́rìnlá.
Bí mo bá ta jẹnẹrétọ̀ kún un.
Bí mo bá ta jẹnẹrétọ̀, iná wo ni màá fi ṣiṣẹ́?
Mo gbé kámẹ́rà méjèèjì síwájú Màmá, mo ṣàlàyé,
èékánná, sítáǹbù, ògiri.
Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè.
"Àga ni ò wọlé?"
"Àga ni, Mà."
"Ṣé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ni?
Ṣé o ò lè ní kí n fà á mọ́ra?"

Ó dìde fúnra rẹ̀,
ó wọ́ àga Bàbá, ẹsẹ̀ àga ń ha sìmẹ́ńtì,
títí èjìká àga fi kan èjìká rẹ̀.
Iná lọ.
Mo gbé èyí tí mo fi gúlúù lẹ̀,
mo ṣí fèrèsé, mo séèémí.
Gàárì wà lójú fọ́tò náà, n ò ní purọ́.
Ó pọ̀ lára àga ju ara Màmá lọ.

Láàárọ̀, kámẹ́rà olówó wọkọ̀ padà sí Èkó.
N ò tíì jáwọ́ nínú àjọ.